Ejìnrìn wẹ́ẹ́rẹ́ ti bo wáyà ọgbà: ká hú u dànù ni, àbí ká sọ ọ́ di ọ̀gbìn?

Oníbéèrè_Òpá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin eléwé. Ilẹ̀ ààbọ̀ pọ́ọ̀tì ni, 50 ẹsẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀, lọ́nà Òpá níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Wáyà ló yí i ká, ejìnrìn wẹ́ẹ́rẹ́ sì ti gba ẹ̀gbẹ́ kan wáyà náà pátápátá. Ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ ló wà nínú ilẹ̀, ẹ̀gúsí náà sì ti ń sún mọ́ kíkó.

Àdá ni gbogbo wa fi ń bá ejìnrìn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn eléwé ọmọ ń béèrè rẹ̀ ní tútù, àwọn aláàgbo sì ń béèrè rẹ̀ ní gbígbẹ. Báwo lèèyàn ṣe ń gbìn ín kó lè léwé dáadáa? Báwo ni wọ́n ṣe ń sá a tí kì í fi í dúdú? Ṣé kò ní kó bá ẹ̀gúsí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwọ̀n sí i. Ẹ má kàn sọ pé "díẹ̀díẹ̀".

Ewéko_Ifẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀ ná. Ó kéré tán, ewéko mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní ejìnrìn káàkiri, ọ̀kan ṣoṣo sì ni eléwé yóò sanwó fún. Ejìnrìn wẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń sọ yìí ni Momordica charantia. Ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ sí ìka 5 sí 7. Okùn tín-ín-rín tó fi ń wé mọ́ wáyà máa ń dá wà ni, kì í pẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó sì dá dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ tọ ọ̀pá òdòdó yẹn wálẹ̀ pẹ̀lú ojú yín, ẹ ó rí ewé kékeré kan tó rí bíi kíndìnrín tó dì mọ́ ọn. Àmì tí kì í tanni nìyẹn. Èso tinú igbó kì í sábà gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá pọ́n tán, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ọsàn pípọ́n, á là sí mẹ́ta, hóró inú rẹ̀ á sì pupa fòò.

Akọ ejìnrìn ni wọ́n máa ń gbé fún ẹni tí kò mọ̀. Òdòdó tirẹ̀ funfun, ó sì kéré. Èso rẹ̀ dà bí ọ̀rá onígun mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, hóró rẹ̀ dúdú, ó sì ní àmì funfun kan tó rí bí ọkàn. Cardiospermum ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, kò bá ejìnrìn wẹ́ẹ́rẹ́ tan rárá, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ewé rẹ̀ kò là, tó rí bí ọkàn, tó sì tóbi. Ìyẹn bá a tan, Momordica foetida ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ rún ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ á lé yín sẹ́yìn.

Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó àti èso papọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e, kí ẹ sì mú un lọ sí Ife Herbarium ní ẹ̀ka Botany ní OAU. Ẹ má gbé ewé nìkan lọ. Ewé nìkan ló ń fa àríyànjiyàn. (Ẹ má sì wulẹ̀ kọ "Ejìnrìn" lásán sínú Google, ìlú tó wà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ni ẹ ó kàn máa bá pàdé.)

Àgbẹ̀_Ìpetumodù

Ẹ ṣeun, Ewéko. Èmi á mú ti gbígbìn.

Hóró ni wọ́n fi ń gbìn ín. Ẹ já èso tó ti pọ́n àmọ́ tí kò tíì là tán, torí bó bá là, ẹyẹ á ti ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ tú hóró sínú abọ́, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ eérú kan tàbí yanrìn odò lé e, kí ẹ máa fi ọwọ́ ra á títí ohun pupa ara rẹ̀ á fi bọ́. Ohun pupa yẹn dùn, ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń wú hóró tí wọn kò bá fọ̀. Ẹ ṣàn án mọ́, ẹ dà á sínú omi. Èyí tó bá léfòó, òfìfo ni, ẹ dà á nù. Ẹ sá ìyókù sí ibòòji fún ọjọ́ 5 sí 7, kí ẹ sì kó o sínú àpò ìwé. Bí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá kó tó gbẹ tán, á bu.

Èèpo hóró náà le. Ìdí nìyí tí èyí tí ẹ bá kàn jù sílẹ̀ fi lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù, tí ẹ ó sì máa rò pé kò dára. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ohun ìgé èékánná ré etí èèpo náà fín-ín-fín-ín. Èèpo nìkan ni o. Bó bá ti kan ohun funfun inú, ẹ ti pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí 24. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí hóró tó bá sùn sínú omi jù á rà. Ẹ rì í sínú ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2, méjì-méjì nínú ihò kan. Láàárín ọjọ́ 8 sí 14, yóò yọrí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti wáyà yín. 50 ẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 15. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 50 sáàárín ihò méjì, ihò 30 ni. Méjì-méjì jẹ́ hóró 60. Ẹ tọ́jú 80, torí gbogbo rẹ̀ kò ní hù. Hóró ni kí ẹ kà, ẹ má ka èso, torí èso igbó mìíràn wà tí hóró inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá di pé méjèèjì hù nínú ihò kan, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé èyí tí kò lágbára mọ́lẹ̀. Ẹ má fà á tu, torí gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra.

Ní ti ilẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ po ẹ̀kúnwọ́ méjì ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ yẹ̀pẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ má sì sọ pé kí ẹ fi kún un nítorí ewé lẹ ń wá. Ewé tó bá yó ìgbẹ́ adìyẹ jù máa ń rọ̀, á kún fún omi, tí ẹ bá sì sá a, dúdú ló máa dà. Lọ́nà Òpá tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ kọ ebè tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sí ìdí wáyà. Ejìnrìn lè fara da ọ̀dá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wẹ̀.

Wáyà yẹn ti tó fún un láti gùn. Bí ẹ bá fẹ́ kó ga sí i, ẹ so okùn dé mítà 1.8, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ejìnrìn tó ga ju ibi tí ọwọ́ dé lọ, ẹyẹ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ fi èékánná já ọ̀mùnú orí rẹ̀, kó lè pẹ̀ka. Ti ewé nìyẹn o. Ẹni tó ń wá èso máa ń ṣe òdì-kejì: á jẹ́ kí orí máa lọ, á sì yọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ oríkèé kẹwàá.

Oníbéèrè_Òpá

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Òdòdó ti wà lára èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń já bọ́, wọn kì í so. Kí ló fà á?

Àgbẹ̀_Ìpetumodù

Akọ ni àwọn yẹn. Òdòdó akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, bíi ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lẹ́yìn tó hù, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n já bọ́. Abo máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn òdòdó náà: bí ẹ bá rí ejìnrìn kóńkó kan tó ti ní gbágungbàgun lára, abo ni. Ọjọ́ kan péré ni òdòdó náà fi ń ṣí, àárọ̀ ni oyin sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń fín oògùn láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lé oyin lọ, kó má wá bi ejìnrìn léèrè ìdí tí kò fi so.

Olóko_Kòkó

Láti Modákẹ́kẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Gbogbo ohun tí bàbá sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìdí tí àwọn àgbà fi ń ṣá a. Èpò ni, kì í ṣe pé wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Nínú kòkó tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, á wé mọ́ ọ̀mùnú, á tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, á sì bo ewé rẹ̀ mọ́ oòrùn. Nínú ẹ̀gẹ́ náà, bó bá ti gun ewé, iṣu ìsàlẹ̀ kò ní tóbi. Nítorí náà, ẹ gbìn ín sí ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì hú u níbi tí ẹ kò fẹ́. Èèyàn kò gbọdọ̀ fi ìkan pa ìkejì.

Híhú ló ṣòro fún ọ̀pọ̀. Àdá nìkan kò kápá rẹ̀, á tún ti ìdí yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì tún yọ ní ẹ̀ka púpọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ dúró kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ rọ̀. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, ẹ fà á sókè jẹ́ẹ́, má fà á lójijì, kó má baà já sí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣe é kí èso tó pọ́n. Èyí tó bá ti ní èso pípọ́n, ẹ kó o sínú àpò, ẹ má jù ú sí etí oko, torí ẹyẹ á kó hóró náà káàkiri. Ẹni tó jẹ́ kó pọ́n lọ́dún yìí, á máa bá a jà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti ẹ̀gúsí wá kù. Ìbátan ni wọ́n, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú elégédé àti akèrègbè. Ohun tó ń ṣe ọ̀kan ló ń ṣe èkejì. Àìsàn tó ń sọ ewé di alámì-àbàwọ́n, tó ń mú un wúnjọ, kòkòrò ló ń gbé e láti ara ejìnrìn lọ sára ẹ̀gúsí, pàápàá àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi lábẹ́ ewé. Eṣinṣin tó ń gún èso láti yé ẹyin sínú rẹ̀ náà ń gbé lára àwọn méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ fi mítà báyìí-báyìí sáàárín. Èmi kò gbà. Kòkòrò ń fò. Àsìkò ni kí ẹ fi là wọ́n, ẹ má fi àyè là wọ́n: nígbà tí ẹ̀gúsí bá wà nílẹ̀, kí ejìnrìn má sí lórí wáyà, nígbà tí ẹ bá kó ẹ̀gúsí tán, kí ejìnrìn wọlé.

Kí ẹ sì má ja ewé nínú oko kòkó tí wọ́n ń fín. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá tí òjò ń mú kòkó rà dúdú, oògùn oníkọ́pà ni ọ̀pọ̀ ń fín sí igi, gbogbo ohun tó bá sì gun igi náà gbà nínú rẹ̀. Bákan náà ni etí títì ọ̀nà Ìbàdàn, àti ẹ̀gbẹ́ oko tí wọ́n bá ti fín oògùn apakoríko. Ejìnrìn lè máa tutù yọ̀yọ̀ lójú lónìí kó tó rọ lọ́la. Ẹni tó bá já a lónìí kò ní mọ̀.

Eléwé_Ọjàtuntun

Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ ká dé orí kíkórè àti sísá, torí ibẹ̀ lowó ti ń sọnù.

Ewé àkọ́kọ́ ti tó gé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 7. Ẹ gé e lókè, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 50 ó kéré tán sílẹ̀ láti ìdí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ tún lè gé e. Ẹ máa rí i gé bíi ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó rẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń so púpọ̀, ewé á máa kéré, á máa pọ́n láti ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó so, ẹ mú hóró, kí ẹ sì hú u.

Ẹ má gé e nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Aago 8 sí 10 àárọ̀ ló dára, bí òjò kò bá rọ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ tà tútù, ẹ gé e pẹ̀lú igi tó gùn díẹ̀, ẹ dì í ní ìdì tí ọwọ́ kan á ká, kí ẹ fi àpò tó tutù bò ó. Kó tutù ni mo wí, kó má rin. Àwọn tó ń wọ́n omi sí i bí ẹ̀fọ́ ṣọkọ kò mọ̀ pé inú ìdì ló ti ń jẹrà, òde nìkan ló ń dán. Kò sì yẹ kó wà ní ìdì fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó tú u. Ẹ fi ọwọ́ sáàárín ìdì tí wọ́n bá kó jọ, ẹ ó rí i pé ó ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ooru yẹn ló ń sọ ewé di pupa.

Èyí tí ẹ fẹ́ sá, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì yọ gbogbo èso kúrò. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, àti tútù àti pípọ́n. Ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tàbí ajọ̀ ńlá tí a gbé sókè kúrò nílẹ̀, kó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ lè rí nẹ́ẹ̀tì láàárín ewé. Ibòòji ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé níhìn-ín tó ń jáde lọ́hùn-ún. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ 3 sí 4 ti tó. Ní àkókò òjò Ifẹ̀ yìí, ó lè di ọjọ́ 6 tàbí 7. Àwọn tó ń kánjú máa ń sá a sínú oòrùn gangan: á gbẹ kíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á dà bíi koríko àná. Ẹ má gbé e sókè ààrò náà. Òórùn èéfín kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ má fọwọ́ pa ewé, ewé máa ń tètè gbẹ. Igi rẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ́. Bó bá dún "páì", ó ti gbẹ. Bó bá tẹ̀ láì dún, omi ṣì wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì dì í, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á hu funfun. Kílò 10 tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 2 lọ tó bá gbẹ tán, nítorí náà kí ẹ tó dá iye lé gbígbẹ, ẹ rántí ìlọ́po márùn-ún yẹn.

Fún àwọn tó ń béèrè fún ìwẹ̀ ọmọ tí kúrúnà tàbí èélá ń dà láàmú, bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ̀kúnwọ́ ewé tútù méjì sínú omi tí a sè tí a jẹ́ kó tutù, lítà kan. Ẹ fọwọ́ ra á títí omi á fi di àwọ̀ ewé, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lò ó tán. Ẹ kọ́kọ́ fi pa inú apá ọmọ níbi kékeré kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n tàbí tó ń yún un, ẹ fi sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ kan egbò tó ṣí, ọmọ kò sì gbọdọ̀ gbé e mì.

Apòògùn_Ifẹ̀

Mo dúpẹ́ pé Ìyá Eléwé fi kún un pé ọmọ kò gbọdọ̀ gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ díẹ̀, torí òun ni ẹni tó bá ń ta ejìnrìn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó mọ iye tó máa tà á.

Aláboyún kò gbọdọ̀ mu omi ejìnrìn, ì báà jẹ́ ewé, èso tàbí hóró. Ó lè mú ilé-ọmọ sún kì, kí oyún sì wálẹ̀. Ẹni tó ń wá oyún náà, kó yẹra fún un. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, kó má mu ún.

Hóró rẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ. Ohun pupa tó bò ó dùn lẹ́nu àwọn ọmọdé, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó ń lá a á já hóró jẹ. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀ lé e, ara ọmọ kékeré kì í sì í pẹ́ gbẹ. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú èso kan dání kí wọ́n lè rí ohun tó jẹ. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Nínú hóró yìí náà ni èròjà kan tó ń jẹ́ vicine wà, tó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò pé. Àìpé G6PD wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín ọkùnrin, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé àwọn ní i. Bí ìtọ̀ bá dà bí omi Kóòkì, tí ojú sì ń pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn tí èèyàn lo nǹkan, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku àtọ̀gbẹ, torí òun lẹ máa ń gbọ́ jù. Lóòótọ́ ni ejìnrìn lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìwádìí tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé jọ ní 2012, wọ́n rí i pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé kí wọ́n fi tọ́jú àtọ̀gbẹ. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi léwu: kò lágbára tó láti rọ́pò oògùn, ó sì lágbára tó láti kún ti oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide tàbí ínsúlíìnì, tó wá mu ejìnrìn lé e, ṣúgà rẹ̀ lè jábọ́. Àmì rẹ̀ ni òógùn tútù, ara gbígbọ̀n, ebi òjijì, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Bó bá ṣì mọ ara rẹ̀, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró 3 sí 4 nínú omi díẹ̀, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó sì sọ fún dókítà.

Ẹ má bi mí pé ife mélòó ni kí èèyàn mu. Mi ò ní dáhùn. Agbára inú ewé ọ̀kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, ilẹ̀, ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe sá a ló ń yí i padà. Tí ẹ bá sì fẹ́ dì í sínú páálí kí ẹ kọ ohun tó ń wò sí i lára, ẹ ti kúrò lára eléwé nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Ọmọ_Iléṣà

Ọ̀rọ̀ apòògùn ti mú kí ẹnu gbẹ. Ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ tún un ṣe.

Ewéko kan náà yìí ni àwọn ará Íńdíà ń pè ní karela, tí àwọn ará Okinawa ní Japan ń pè ní goya, tí àwọn ará Philippines ń pè ní ampalaya. Tiwọn tóbi ju ti inú igbó wa lọ dáadáa, òmíràn gùn ju ọwọ́-ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé. Ní Jamaica, èyí tó kéré bíi tiwa ni wọ́n ń pè ní cerasee, wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ ṣe tíì. Àwa nìkan kọ́ ni ejìnrìn mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, èso tútù tí kò tíì ní pupa kankan lára ni kí ẹ já. Ẹ là á sí méjì gígùn, ẹ fi ṣíbí kékeré kó gbogbo hóró àti òwú inú rẹ̀ dànù. Ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Sí ẹ̀kún kọ́ọ̀bù méjì, ẹ da ṣíbí tíì iyọ̀ kan, ẹ fọwọ́ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Omi aláwọ̀ ewé á jáde lára rẹ̀. Ẹ fún un, ẹ ṣàn án, ẹ tún un fún. Ẹ wá dà á sórí àlùbọ́sà tó ń dín, bí ìṣẹ́jú 4, kí ẹ lu ẹyin méjì lé e. Ó ṣì máa korò o. Ẹni tí kì í fọ ewúro dànù tán kó tó sè é kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Àbùkù ti inú igbó wa ni pé èso 20 kò kún ọwọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ bá yọ hóró tán. Ẹnu kan ni, kì í ṣe ọbẹ̀.

Ní ti ọjà: àwọn tó ń rà á tútù kì í pẹ́ sọ pé "ẹ jẹ́ kí n tà á kí n tó sanwó". Ewé tútù kò lè dúró de gbèsè, nítorí náà ẹ ṣe é ní òṣómàáló: ẹ lóṣòó títí owó á fi jáde.

Àgbẹ̀_Ìpetumodù

Ẹ kú ìpanilẹ́rìn-ín, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Fún ẹni tó ń gbin èso: nígbà tó bá tó àtàǹpàkò, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè jáde. Eṣinṣin kò ní rí ibi gún. Èyí tó bá ti ní ojú ihò tín-ín-rín tí omi ń ṣẹ̀ lára rẹ̀, ẹ já a, ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ sá a sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá jù ú sórí ààtàn, ìdin inú rẹ̀ á wọ ilẹ̀, á sì padà wá di eṣinṣin. Ẹ má tún un gbìn sí ibi tí tòmátì ti kúrò bí gbòǹgbò tòmátì yẹn bá wú ní kókó-kókó, ohun kan náà ló máa mú un.

Oníbéèrè_Òpá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ku ẹyọ kan. Oṣù keje la wà, ẹ̀gúsí á ṣe é kó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ṣé kí n hú èyí tó wà lórí wáyà báyìí, àbí kí n jẹ́ kó wà?

Olóko_Kòkó

Hú u lónìí bí òjò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ já àwọn èso tó ti ń pọ́n, ibẹ̀ ni hóró 80 rẹ ti máa wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yẹn ni kòkòrò yóò fi máa wá ilé mìíràn.

Àgbẹ̀_Ìpetumodù

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Fọ hóró, sá a, kí o sì jẹ́ kó wà nínú àpò ìwé di ìgbà tí ẹ̀gúsí bá kù bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà yẹn ni kí o ha èèpo rẹ̀, rẹ ẹ́, kí o sì gbìn ín sínú ọ̀rá kéékèèké tí o ti dá ihò sí nídìí, kó wà ní ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí oko. Ihò wáyà náà, kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i ní ọjọ́ tí o bá kó ẹ̀gúsí tán. Tí èhù bá ti ní ewé 3 sí 4, gé ọ̀rá náà kúrò lára yẹ̀pẹ̀, má fa èhù yọ nínú rẹ̀. Gbé e sínú ihò pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí o bomi sí i nídìí. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ á bá a nínú ilẹ̀, nítorí náà fún un ní agolo mílíìkì omi kan ní àràárọ̀ títí òjò oṣù kẹsàn-án á fi dé.